Ṣé iná ló bu ẹwà sí ilé ọba? Àlàyé lórí ìyà ìgbà èwe àti iṣẹ́ ọnà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí ìdáhùn fún lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ilé la wà ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn níbí, níbi tá a ti ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, òun ń ro ẹ̀kọ láfún lórí iná, èmi ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ṣíbí sára aṣọ, ló bá gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣé lóòótọ́ ni pé ìyà tó jẹ yín ní kékeré ló jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ nǹkan yà tó báyìí? Wọ́n ní gbogbo àwọn tó ń yàwòrán, àwọn tó ń kọ ìtàn, àwọn tó ń kọrin, kò sí èyí tójú ẹ̀ ò rí màbo nínú wọn." Mo ní ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ó ní TikTok ni.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó máa ro ẹ̀kọ ẹ̀ kó má baà dì kókó. Àmọ́ ká sòótọ́, èmi gan-an ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún kọ́sítọ́mà tipẹ́. Tí obìnrin kan bá sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, tó ń na aṣọ wò, tí mo bá ti lè sọ fún un pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀ pé ojú mi rí nǹkan, ẹ máa rí i tójú ẹ̀ á rọ̀, kò ní ná ọjà mọ́. Ìtàn ìyà ń ta ọjà gan-an. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ ń ta ọjà ò sọ ọ́ di òótọ́.

Òwe tá a fi ń gbè é lẹ́yìn náà wà ńlẹ̀, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ bá mi rò ó wò. Ṣé iná ló kọ́ ààfin tuntun ni? Káfíńtà ló kọ́ ọ, bíríkìlà ló kọ́ ọ, owó ọba ló kọ́ ọ, àti àwọn ará ìlú tó ru igi wá. Iná jó ilé, ibi tíṣẹ́ tiẹ̀ parí sí nìyẹn. Tí ilé tálákà bá jó tí ò sẹ́ni tó gbé páànù kan ṣoṣo wá, eérú la máa bá níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí ìyà jẹ ní kékeré tí wọ́n wá di oníṣẹ́ ọnà, ẹ jẹ́ ká wá káfíńtà wọn, ká yé dúpẹ́ lọ́wọ́ iná.

Nǹkan tó kọ́kọ́ ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé a ò ní orúkọ kan ṣoṣo fún ohun táwọn dókítà ń pè ní trauma. A máa ń ní ìyà jẹ ẹ́, ojú ẹ̀ ti rí nǹkan, ó ti jìyà bọ̀. Ìyà ni nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Trauma, tí mo máa pè ní ọgbẹ́ ọkàn látibí lọ, ni nǹkan tó ṣẹ́ kù sára lẹ́yìn tí ìyà ti lọ. Ọmọ méjì lè wà nínú ilé kan náà, kí bàbá wọn máa mutí yó wọlé, kó máa fọ́ àwo lálaalẹ́, kí ọgbẹ́ wà lára ọ̀kan kó má fi bẹ́ẹ̀ sí lára èkejì, bóyá torí pé èkejì ní ìyá àgbà kan lójúlé kejì tó máa ń sá lọ bá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń fi ìyà wé ìyà, pé tèmi ju tìẹ lọ, ẹ kàn ń jà lásán ni.

Àìlówó nìkan náà kọ́. Mo mọ àwọn tí wọ́n fi gààrí tí ò ní ṣúgà dàgbà ní Bẹẹrẹ, tọ́kàn wọn balẹ̀ ju tọmọ olówó lọ. Ìbáwí ńkọ́? Wọ́n na ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àwọn àgbà ní tá a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra, gbogbo ayé ló rántí ọwọ́ ọ̀tún. Ibi tí ọwọ́ òsì yẹn ò bá sí ni ọgbẹ́ ti ń jinlẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó yẹ kí ọmọ sá lọ bá tẹ́rù bá ń bà á lẹni tó ń bà á lẹ́rù.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Nínú ọpọlọ èèyàn, nǹkan kékeré kan wà tí ò ju hóró kajú lọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, amygdala lorúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe. Tó bá fura sí ewu, á fọn fèrè, èròjà ara kan tó ń jẹ́ adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ẹsẹ̀ á ti múra àtisá, òmíì tó ń jẹ́ cortisol á tẹ̀ lé e kí ara lè wà ní ìmúrasílẹ̀. Nǹkan dáadáa ni o, òun ló ń jẹ́ ká bẹ́ kúrò lójú títì tí Míkírà bá já wọ ọ̀nà wa ní Mọ́kọ́lá. Ewu á kọjá, ọlọ́dẹ á padà jókòó. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ń gbé nínú ewu lójoojúmọ́, ọlọ́dẹ yẹn ò jókòó, kò sùn. Ẹ̀yin náà mọ ọlọ́dẹ àdúgbò tí olè ti já wọlé mọ́ lọ́wọ́ rí, ewúrẹ́ ló kàn kọjá, á yìnbọn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Àwọn èèyàn á ní ó ń ṣojo, á ní kó gbàgbé, pé ó ti pẹ́. Wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọlọ́dẹ yẹn ló ń ṣe, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé olè ti kó kúrò ládùúgbò ni.

Tèmi, kọ́kọ́rọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá sí Ìbàdàn sọ́dọ̀ ìbátan bàbá mi kan. Ìyá yẹn ní kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ tó so mọ́ rìbọ́ọ̀nù pupa. Tí ìró ẹ̀ bá ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láti gééètì, a jẹ́ pé ọjà tà. Tó bá ń já ṣàràṣàrà, màá ti máa wá nǹkan tí mo ṣe tí ò dáa sílẹ̀ kó tó bi mí. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí, mo ní ibi iṣẹ́ tèmi, ìyá náà ò sí láyé mọ́, síbẹ̀ lóṣù tó kọjá ẹni tó ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe kàn ju kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sórí tábìlì, ìyẹ́ ọwọ́ mi fò, ó fa ìlà gbọọrọ gba àárín òpó Mápó kọjá. (Àwòrán "Ìbàdàn dùn" ni mò ń yà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, òpó gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n máa ń tò mọ́ ṣíbí nínú ẹ̀.) Ẹ̀kọ tó bá sì ti kan aṣọ, ó kàn án nìyẹn, ibi tó bá bò, aró ò ní wọbẹ̀.

Nǹkan míì tó ń rú àwọn ẹbí lójú ni ọ̀rọ̀ ìrántí. Apá kan wà nínú ọpọlọ tó ń bá wa to nǹkan, pé èyí ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, èyí ti di èṣí, hippocampus ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ̀rù bá ti pọ̀ jù, kì í rí nǹkan tò dáadáa. Ìrántí yẹn á wá wọlé ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òórùn kan, ìró kan, àwọ̀ kan, kò ní déètì lára. Mo rántí rìbọ́ọ̀nù yẹn dé ibi tí etí ẹ̀ ti tú, ẹ bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà nígbà náà, mi ò lè sọ. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ń ròyìn, wọ́n á ní àná o ní Sátidé ni, òní o ní Sọ́ńdè, ṣé irọ́ kọ́ lò ń pa yìí? Irọ́ kọ́ o. Bí nǹkan ṣe wọlé ló ṣe ń jáde.

Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kan ìwádìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni TikTok ti máa ń ṣi nǹkan kà jù. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Vincent Felitti ń tọ́jú àwọn tó sanra jù, ó wá ṣàkíyèsí pé àwọn tí ara wọn ti ń dín kù dáadáa ló ń sá kúrò níbi ìtọ́jú. Nígbà tó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe ní kékeré, tí ọ̀rá ara yẹn sì ti di odi tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara wọn. Òun àti Robert Anda wá jọ ṣe ìwádìí ńlá kan ní San Diego, èsì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1998, àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè lápapọ̀ lé ní 17,000. Nǹkan mẹ́wàá ni wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún méjìdínlógún: lílù, èébú, ìbálòpọ̀ tipátipá, àìrí ìtọ́jú, àìrí ìfẹ́, bàbá àtìyá tó kọra sílẹ̀, ìyá tí wọ́n ń lù, ọtí tàbí oògùn olóró nínú ilé, àìsàn ọpọlọ nínú ilé, ará ilé tó lọ sẹ́wọ̀n. Bí ẹni méjì nínú mẹ́ta ló ní ó kéré tán ọ̀kan. Bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló ní mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn yẹn sì ni àìsàn ọkàn tó ń lù láyà, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìmukúmu pọ̀ láàárín wọn jù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwádìí tí àjọ tó ń ka iye èèyàn ní Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú UNICEF lọ́dún 2014 fi hàn pé bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọ́n hu ìwà ipá kan sí kí wọ́n tó pé ọdún méjìdínlógún. Obìnrin kan nínú mẹ́rin ni wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe ní kékeré, ọkùnrin kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá wọ kóróòpù láti Dùgbẹ̀, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀.

Àwọn èèyàn wá sọ nǹkan mẹ́wàá yẹn di ìdánwò. Wọ́n á ka tiwọn, wọ́n á ní mo gba méje, ayé mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Anda fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó kọ̀wé lọ́dún 2020 pé kí wọ́n yé lò ó báyẹn. Òǹkà yẹn wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè sọ ti ẹnì kan. Bíi kẹ́ ẹ ní òjò máa ń pọ̀ lóṣù Kẹfà n'Ìbàdàn, òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ò sọ fún mi bóyá kí n sá aṣọ lọ́la. Kò sì bi wọ́n léèrè ohun tó dáa tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Emmy Werner àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, lọ́dún 1955, ọmọ 698, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi di ẹni ogójì ọdún. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ yẹn ló wà nínú ewu gidi, ìṣẹ́, ìjà nínú ilé, òbí tó ń mutí tàbí tí ọpọlọ ẹ̀ ò pé. Nínú àwọn tó wà nínú ewu yìí, ẹnì kan nínú mẹ́ta dàgbà di èèyàn gidi tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ràn èèyàn, láìsí wàhálà kankan tó hàn. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Ó kéré tán, ẹnì kan wà tó dúró tì wọ́n gbágbáágbá, kò sì dandan kó jẹ́ òbí, ó lè jẹ́ ìyá àgbà, àǹtí, títíṣà, aládùúgbò. Wọ́n tún ní nǹkan kan tó jẹ́ tiwọn, tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n ń sá lọ bá tílé bá gbóná. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn méjì tó kù, àwọn tó ti ń dàlú rú nígbà ọ̀dọ́langba, tún ayé wọn ṣe nígbà tí wọ́n fi máa wọ ọgbọ̀n sí ogójì. Ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Ẹ ti rí káfíńtà yẹn báyìí. Tèmi ń jẹ́ Ìyá Aláró. Ilé kejì sí ibi tí mò ń gbé ni, ìyá arúgbó tí ọwọ́ ẹ̀ dúdú bíi ti ẹni tó ki ọwọ́ bọ inú alẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n rán mi lọ ra nǹkan lọ́dọ̀ ẹ̀, mo dúró, mi ò lè lọ, mò ń wo bí aṣọ ṣe ń jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i kó di búlúù. Kò bi mí pé kí ló ṣe mí lójú. Ó ti àpótí kan sí mi, ó fún mi ní àkísà kan àti ìyẹ́ adìyẹ kan, ó ní, "Fa ìlà." Ìlà náà ni mo ń fà fún bí oṣù mẹ́fà. Tó bá wọ́, á ní, "Òmíì." Kò sọ rí pé mo ní ẹ̀bùn. Kò sì gbé ohùn sókè rí, mo máa ń jókòó de ìgbà tó máa gbé e sókè, kò gbé e.

Kí ni ọgbẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ wá ṣe fún iṣẹ́ mi? Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó dí mi lọ́wọ́ ni. Èèyàn ò lè máa tẹ́tí sí gééètì kó sì máa tẹ́tí sí àwòrán tó ń bọ̀ lọ́kàn. Fún ọdún púpọ̀ mi ò lè parí aṣọ, torí aṣọ tí ò bá tíì parí, kò sẹ́ni tó lè ní kò dáa. Tí kọ́sítọ́mà bá ní kí n sọ àwọ̀ di èyí tó ṣú díẹ̀ sí i, màá rò pé ó kórìíra mi. Mo máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, mo pè é ní akíkanjú, àṣé ẹ̀rù oorun ló ń bà mí. Mo mọ àwọn tó lẹ́bùn jù mí lọ tí ọgbẹ́ tiwọn ò jẹ́ kí wọ́n jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn yẹn ò sí lórí TikTok, kò sẹ́ni tó ń ka tiwọn mọ́ ìtàn, ìdí nìyẹn tí ìṣirò yẹn fi máa ń jọ pé ó tọ̀nà. Àwọn tí wọ́n bọ́ nínú iná là ń bi léèrè bóyá iná dáa.

Mi ò sọ pé àǹfààní kankan ò tinú ẹ̀ jáde o. Ọmọ tó ti fi etí mọ ìṣesí àgbàlagbà látinú ìró kọ́kọ́rọ́, á mọ nǹkan wò fínnífínní. Mo lè wo ojú kọ́sítọ́mà kí n mọ̀ pé aṣọ tó ń yìn yẹn kọ́ ló fẹ́. Àmọ́ ohun ìjà ogun nìyẹn, mo kàn ń fi gé iṣu ni. Iṣẹ́ kíkọ́ ló sọ ọ́ di ọ̀bẹ.

Ẹ wo Amos Tutuọlá, tó gbé n'Ìbàdàn wa níbí, tó sì kú síbí lọ́dún 1997. Wọ́n bí i l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1920, ilé onílé ló ti ń ṣiṣẹ́ ilé láti kékeré kí wọ́n lè máa rán an lọ síléèwé, bàbá ẹ̀ kú lọ́dún 1939, ìwé parí síbẹ̀. Ó rọ irin, ó di mẹ́sẹ́ńjà níléeṣẹ́ ìjọba l'Ékòó. Níbi tó ti jókòó tí ò sí iṣẹ́ tí wọ́n máa rán an ló ti ń kọ ìtàn sínú pépà, ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní London lọ́dún 1952, ayé gbọ́. Mi ò ní sọ pé ó ní ọgbẹ́ ọkàn o, òun nìkan ló lè sọ ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé àlọ́ tó gbọ́ láti kékeré wà nínú ẹ̀, ó sì rí àga, owó oṣù kékeré, àti wákàtí tí ẹnikẹ́ni ò fi dá a láàmú. Ẹ yọ àga àti wákàtí yẹn kúrò, kí ló kù?

Tàbí Màmá Nike Okundaye, tí gbogbo àwa tá a ń ṣe àdìrẹ ń pè ní ìyá. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé kékeré ni òun wà tí ìyá òun kú, pé òun sá nílé torí ọkọ tí wọ́n fẹ́ fún òun, pé ilé ọkọ tóun padà wọ̀ náà ò rọrùn. Àmọ́ ìyá ńlá tó tọ́ ọ, ahunṣọ ni, lọ́wọ́ ẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ òwú àti aró. Lọ́dún 1983 ó dá ibùdó ẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìlú yẹn kan náà, láti ọdún 1962 tí Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbari Mbayo, ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí Mbari ti Ìbàdàn ní Dùgbẹ̀ lọ́dún 1961, àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kàwé jìnnà wọlé síbẹ̀, wọ́n bá ọ̀dà, wọ́n bá àyè, wọ́n bá ẹni tó ń wo nǹkan tí wọ́n yà. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven ti jáde, Jimoh Buraimoh náà, Muraina Oyelami náà. Ilẹ̀kùn tó ṣí ni.

Ṣé iṣẹ́ ọnà wá lè wo ọgbẹ́ sàn? Ó lè ràn án lọ́wọ́. Lọ́dún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall gbé èsì jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí wọ́n ní kí wọ́n kọ nípa nǹkan tó dùn wọ́n jù láyé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin léraléra. Lójú ẹsẹ̀, inú wọn bàjẹ́ sí i. Àmọ́ láàárín àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. Àwọn míì ti tún un ṣe lẹ́yìn náà, àǹfààní ẹ̀ wà, kò kàn pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀ ni. Pennebaker fúnra ẹ̀ sì máa ń kìlọ̀ pé tó o bá mọ̀ pé nǹkan kan máa da orí ẹ rú tó o bá kọ ọ́, fi í sílẹ̀.

Ìyá Aláró ò mọ Pennebaker, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: jẹ́ kó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ya ẹ̀kọ sára aṣọ tẹ́ ẹ sáré rì í bọnú aró ní tútù, ẹ̀kọ yẹn á ṣàn, aró á gba gbogbo ibi tí ò yẹ kó gbà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti dí mọ́ra nìyẹn. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé àná ni nǹkan ṣẹlẹ̀, òní wọ́n ti fi fídíò ẹ̀ síta, ẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí ẹnì kan bá wá bú wọn, wọ́n á ṣubú lulẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tó ti gbẹ. Èmi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ya òpó Mápó àti ẹyẹ àti ewé kí n tó ya kọ́kọ́rọ́ kan sára aṣọ.

Aṣọ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rí i, ó pè mí, ó ní kí ni mò ń tú àṣírí ilé síta sí, ṣé mi ò mọ̀ pé òkú ni mò ń bú. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa, àwọn kan á ní àfi kó o dárí jì í kí ara ẹ tó lè yá, àwọn kan á ní àfi kó o tú gbogbo ẹ̀ síta. Mi ò rí ìdí tí ìkankan fi gbọ́dọ̀ pọn dandan. Kọ́kọ́rọ́ ni mo yà, mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rà á fi rán búbà. Ìdáríjì, ẹni tó bá wá, ó wá, ẹni tí ò bá tíì wá, kó máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Tó bá kọjá ohun tí ìyẹ́ adìyẹ lè ṣe ńkọ́, tí oorun ò wá, tí èèyàn ń ro pé kí òun kú, tọ́tí ti di oúnjẹ? Dókítà ni o, kì í ṣe àdìrẹ, kì í sì í ṣe àdúrà nìkan. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ wà ní ọsibítù UCH níbí, kò dìgbà tí èèyàn bá já aṣọ sílẹ̀ kó tó lọ. Mo lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo fi ìborí bo ojú dé ìmú bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè, mo sì pàdé ará àdúgbò wa méjì níbẹ̀, àwọn náà fi ìborí bojú. Àwọn tó mọṣẹ́ á kọ́ èèyàn bó ṣe máa fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ padà síbi ìrántí yẹn, díẹ̀díẹ̀, títí ọlọ́dẹ á fi gbà pé olè ti lọ. Òfin tí wọ́n ń lò fọ́rọ̀ ọpọlọ tẹ́lẹ̀, ti ọdún 1958, tó ń pe aláìsàn ní wèrè, wọ́n ti fi òmíì rọ́pò ẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023.

Kì í sì í ṣe nǹkan òyìnbó lásán bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, tó padà wá ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ nǹkan ní Arò l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1954 tí gbogbo ayé wá wò: kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹbí wọn bá wọn wá, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, ó sì pe àwọn babaláwo mọ́ra pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé èèyàn laṣọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti Kauai, kàn jẹ́ pé òun ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ Kauai.

Ṣé àpá á wá lọ? Ojú àpá ò lè jọ ojú ara. Aṣọ tí ìyẹ́ mi fà gbọọrọ lára ẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wò ó dáadáa lọ́jọ́ kejì, mo sọ ìlà yẹn di okùn aṣọ tí wọ́n sá láti òpó kan sí èkejì, mo fi búbà kékeré mẹ́ta kọ́ sórí ẹ̀. Ẹnì kan ti rà á. Mi ò sọ ìtàn kankan fún un, ó sì ná an kanlẹ̀, ó jẹ mí ní ẹgbẹ̀rún méjì.

Ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń dúró de ìdáhùn ní tiẹ̀. Lánàá ó tún bi mí, ó ní, "Àǹtí, tí kì í bá ṣe ìyà, kí ló wá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo ní ìyá kan ti àpótí sí mi, ọdún méjìlélógún rèé, mi ò tíì dìde. Ó ní háà, ọdún méjìlélógún kẹ̀? Ó wo àpótí tiẹ̀, ó wo ẹ̀kọ tó wà níwájú ẹ̀, ó ní Àǹtí, ẹ̀kọ yìí mà ti dì kókó.